Ibi tí Máṣíìnì Wà Tẹ́lẹ̀

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Tọ́rọ́ ti wà lọ́dọ̀ mi
nínú yàrá òkè kan ní Lafiaji,
níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òórùn kẹrosíìnì jọ ń wọlé.
Orúkọ owó àtijọ́ ni mo sọ ọ́,
nítorí àmì funfun roboto tó wà níwájú orí rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀
ló ti ń ṣe ohun tí n kò mọ̀ mọ́ ọn.
Lóru, á kọjú sí ògiri,
á máa ké bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.
Mo tanná, kò yíjú.
Mo sún àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí n lè gbálẹ̀,
ebi pa á di ìrọ̀lẹ́,
bẹ́ẹ̀ àwo ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí i.
Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó sùn sí,
ó bù mí jẹ.
Èmi! Èmi tí mo ń yọ egún ẹja ṣáwá fún un!

Ìyá Músílíù gòkè wá, kò jókòó.
"Àlájà Wàsílà, ológbò tó bá dàgbà tó báyìí
kì í ṣe ológbò lásán mọ́.
Ẹ jẹ́ kí Músílíù fi àpò gbé e sọdá afárá,
kó tú u sílẹ̀ ní Ìddó. Eku pọ̀ níbẹ̀."
Mo ní mo gbọ́.
N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì,
ó dúró láàárín yàrá, ó gbórí sókè,
ó fi irùngbọ̀n wọn afẹ́fẹ́ wò, ó sì fò.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè gbà á.
Wọ́n ní ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀.
Ti Tọ́rọ́ balẹ̀ lójú mi, gbàà, lórí sìmẹ́ńtì.
Ó dìde, ó ń lá ọwọ́,
bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Ibẹ̀ ni máṣíìnì mi wà fún ọgbọ̀n ọdún.
Orí rẹ̀ ló ti máa ń yá oòrùn,
ìrù rẹ̀ á máa gbá aṣọ oníbàárà.
Ṣáájú ọyẹ́ ni mo tà á fún télọ̀ kan ní Ìdúmàgbò,
mo fi owó rẹ̀ yọ ohun funfun tó bo ojú ọ̀tún mi.
Ojú mi là.
Mo ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìwọ awò,
n kò rí ológbò tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Yábàá.
Ọ̀nàdípẹ̀ lorúkọ ọmọkùnrin náà.
Ó ju òwú sílẹ̀ níwájú Tọ́rọ́,
ojú kò tẹ̀lé e.
Ó mi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, etí méjèèjì yí.
"Ìyá, orí rẹ̀ ò dàrú.
Ilẹ̀ ló ṣú fún un tí kò mọ́ mọ́.
Ẹ fi nǹkan síbi tó mọ̀ ọ́n sí.
Ẹ pè é kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí,
irùngbọ̀n ni Tọ́rọ́ fi ń ṣọ́ tirẹ̀.
Mo gbé àpótí ìyá mi síbi tí máṣíìnì wà,
mo tẹ́ àjákù aṣọ lé e,
mo tẹ àwo mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, n kò sún un mọ́.
Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò débẹ̀.
Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbóòórùn àpótí náà yíká,
ó padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Músílíù ṣì ń bi mí nípa Ìddó.

Lánàá, lóru, ó tún ké.
N kò tanná. Ta ni mo fẹ́ tàn án fún?
Mo ní, "Tọ́rọ́, ibí ni mo wà."
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì,
ó ń fi ògiri ka ọ̀nà bọ̀.